Ẹṣin Mẹ́sàn-án Dà? Ìtàn Agbára Ẹ́ńjìnnì Katakata Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé ọmọ ìlú kan tí mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi dá owó jọ kí á lè ra katakata kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílé. A yan ẹ̀gbọ́n wa kan, ẹni tí a ti mọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún tí a kò gbọ́ pé ó jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni, pé kí ó bá wa rà á. Ó rà á, ó fi í sọ́kọ̀ ojú omi, katakata gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì dé oko láyọ̀. Ìpàdé kejì lẹ́yìn èyí ni ọ̀kan nínú wa dìde, ìwé ìpolówó ọjà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì katakata tí a rà, líítà 1.5 ni, agbára ẹṣin 35 ni wọ́n sì kọ sí i. Ó ní èyí tí òun rí nínú ìwé ọwọ́ òun yìí, líítà 1.5 náà ni, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 44 ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Ó wá yíjú sí àgbàlagbà náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ẹṣin mẹ́sàn-án dà?"

Ẹ̀rín ni gbogbo wa kọ́kọ́ rín. Kí á tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ariwo, ariwo ti di ẹ̀sùn. Àwọn kan ní owó ẹṣin 44 ni a kó lé e lọ́wọ́, ẹṣin 35 ni ó rà, ó sì fi ìyókù sápò. Ẹ̀gbọ́n wa kò lè ṣàlàyé, nítorí pé òun náà kò mọ ìdí rẹ̀. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn àwùjọ ni mo ń ṣe jẹun. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ ilé onílé lọ láti parí ìjà, mo sì ti rí ìdílé tí ó tú ká nítorí ohun tí kò tó èyí rárá. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orúkọ tí ó bá bàjẹ́ ní ìpàdé kì í tètè dára. Nítorí náà, mo gba ilé ìkàwé lọ. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí á tó wá ẹni tí ó kó ẹṣin lọ, ó yẹ kí á mọ ẹni tí ó kó ẹṣin wọ inú ẹ́ńjìnnì ná. James Watt ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Greenock ní Skọ́tílándì, tí a bí ní 1736. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Thomas Newcomen ti ṣe irú rẹ̀ ní 1712, tí wọ́n fi ń fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Newcomen ń jẹ èédú bí iná ọyẹ́ ti í jẹ pápá. Watt rí ọgbọ́n tí èédú yóò fi dín kù, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1769. Ní 1775, òun àti Matthew Boulton, oníṣòwò pàtàkì kan ní Birmingham, di alájọṣepọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà ń gba owó wọn ni ó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tí ó ni kùsà ní Cornwall pé, ẹ wo iye èédú tí ẹ̀rọ Newcomen ń jẹ, ẹ wo iye tí tiwa ń jẹ. Owó èédú tí a bá bá yín dín kù, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni tiwa. Àdéhùn náà dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, Watt ṣe ẹ̀rọ tí ó lè yí ọlọ, àwọn ọlọ́lọ àti àwọn oníléeṣẹ́ ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀. Ẹṣin ni àwọn wọ̀nyí fi ń yí ọlọ láti ayébáyé. Wọn kò fi èédú yí ọlọ rí, nítorí náà kò sí èédú tí a ó wò mọ èrè wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé, "Ẹṣin mẹ́fà ni ó wà nínú ọgbà mi. Ẹ̀rọ tìrẹ yìí, ẹṣin mélòó ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Ní nǹkan bí 1782 sí 1783 ni Watt jókòó ti ìṣirò náà. Ó mú ẹṣin ọlọ tí ń yí òpó po. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ó wà láàárín ẹṣin àti òpó àárín. Ẹṣin ń yí i po nígbà 144 ní wákàtí kan. Ó sì ń fà pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 180. Nígbà tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, ó lé díẹ̀ ní 32,000, Watt sì sún un sókè sí 33,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, agbára ẹṣin kan ni agbára tí ó lè gbé ẹrù tí ó wọn pọ́n-ùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan; tàbí kí á ní ẹrù pọ́n-ùn 330 ni, kí ó gbé e gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ẹṣin gidi kò lè ṣe èyí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí ó má dákú. Watt ṣe ẹṣin tirẹ̀ ní alágbára ju ti ọlọ́jà lọ, ẹni tí ó bá sì ra ẹ̀rọ ẹṣin 10 kò ní rí ìdí láti wá fi ẹjọ́ sùn. Ní 1785 ni ilé ìpọntí Whitbread ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ẹ̀rọ kan lára ẹ̀rọ Boulton àti Watt kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tíì parun, ó wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Sydney, ní Ọsirélíà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀. Nínú gbogbo ìṣirò Watt yìí, kò sí ibi kan tí ó ti bèèrè pé báwo ni ikùn ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. Ẹrù, ọ̀nà jíjìn àti àkókò nìkan ni ó wò. Agbára ẹṣin jẹ́ ìwọ̀n iṣẹ́ tí a ṣe láàárín àkókò kan. Líítà, ní tirẹ̀, ìwọ̀n àyè tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ni. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì dà bí ẹni tí ó wo odó, tí ó sì fẹ́ sọ iye ènìyàn tí yóò jẹ iyán yó kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọ̀rọ̀ odó yìí ni mo fi yé àwọn ìyá wa ní ìpàdé. Nínú ẹ́ńjìnnì, sìlíńdà ni odó, písìtìnì sì ni ọmọ odó tí ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Bí odó méjì bá tóbi bákan náà, ohun méjì ni yóò mú kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ: bí ọwọ́ tí ń gún un bá ti wúwo tó, àti iye ìgbà tí ọwọ́ náà ń sọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ń gún un nígbà 30 ní ìṣẹ́jú kan kò lè bá ẹni tí ó ń gún un nígbà 40 dọ́gba bí ọwọ́ wọn bá wúwo bákan náà. Ẹ́ńjìnnì kò yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ lè dè é kí ó má yí ju 2,600 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì lè tú u kí ó máa yí tó 3,000. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ẹṣin inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Wíwúwo ọwọ́ náà ń kọ́? Iná tí ń jó lórí písìtìnì ni. Iná kò sì lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá da epo dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, èéfín dúdú ni ẹ ó rí. Alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ní ẹwìrì. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1905 lórí ọgbọ́n kan tí ó jọ ẹwìrì: kí èéfín tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì máa yí abẹ̀bẹ̀ kan, kí abẹ̀bẹ̀ náà sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú sìlíńdà. Òun ni à ń pè ní tọ́bò lónìí. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Allis-Chalmers ní Amẹ́ríkà ní katakata kan tí wọ́n ń pè ní D17, tí ó jáde ní 1957. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ ínṣì oníhà mẹ́ta 262, èyí tí ó tó líítà 4.3, ó sì ń mú agbára tí ó tó ẹṣin 51 jáde. Ní 1961 wọ́n mú D19 jáde. 262 náà ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò fi ínṣì kan jù ú, ṣùgbọ́n wọ́n fi tọ́bò sí i, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa yí kíákíá sí i. Ó mú agbára bí ẹṣin 66 wá. Ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì jalè.

Epo náà tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bìrìtéènì sì lè rí ẹ̀rí rẹ̀ ní ibi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ kankan. Katakata kékeré aláwọ̀ eérú tí Harry Ferguson ṣe, TE20, ni wọ́n ṣe ní Banner Lane ní Coventry láti 1946 sí 1956. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 tí wọ́n ṣe, irú rẹ̀ náà ni Edmund Hillary gùn dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní oṣù kìíní 1958. Owó orí pọ̀ lórí epo bẹntiróòlù nígbà náà, nítorí náà wọ́n ṣe èyí tí ń mu bẹntiróòlù, wọ́n ṣe èyí tí ń mu epo katakata tí ó jọ kẹrosíìnì, wọ́n sì ṣe èyí tí ń mu epo àtùpà gan-an. Kẹrosíìnì kì í fẹ́ kí a fún òun mọ́ra jù nínú sìlíńdà. Bí a bá fún un jù, yóò gbiná kí àkókò rẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa lu ara rẹ̀ bí ẹni fi òòlù lu irin. Nítorí èyí, wọ́n dín fífún náà kù fún àwọn tí ń mu kẹrosíìnì, agbára wọn sì kéré sí ti oníbẹntiróòlù. Ara kan náà, àwọ̀ kan náà, odó kan náà. Oúnjẹ tí kálukú ń jẹ ni ó yàtọ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí nígbà kan. Lábẹ́ òfin ìnáwó 1909 sí 1910, wọ́n fi owó orí lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ẹṣin rẹ̀, láti 1921 sì ni ó ti di pọ́n-ùn kan fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Àwọn agbowó orí kò ní ọ̀nà láti dán ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan wò, nítorí náà fífẹ̀ ẹnu sìlíńdà àti iye sìlíńdà nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn kì í wo bí písìtìnì ṣe ń rìn jìnnà tó, wọn kì í sì í wo bí ó ṣe ń yára tó. Kí ni àwọn onílé iṣẹ́ ṣe? Wọ́n sọ sìlíńdà di tínínrín, wọ́n sì jẹ́ kí ó gùn. Austin Seven tí ó jáde ní 1922 ń san owó orí ẹṣin bíi méje, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú nǹkan bí 10 wá. Ẹṣin orí ìwé ni wọ́n ń san owó orí lé, ẹṣin ojú títì kò sí nínú ìṣirò. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n pa ọ̀nà ìṣirò náà tì.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ̀ mí lára jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà, ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Wilmot Crozier ni orúkọ àgbẹ̀ náà. Ó ra katakata kan tí wọ́n kọ Ford sí lára. Ta ni kò mọ Ford? Ṣùgbọ́n Henry Ford ti Detroit kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Minneapolis ni ó wá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ford, wọ́n sì yá orúkọ rẹ̀ lò. Katakata náà kò ṣiṣẹ́. Crozier tún ra òmíràn láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó ra Rumely, èyí sì ṣe ju ohun tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ lọ. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, èé ṣe tí iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kan fi jẹ́ òótọ́, tí ti èkejì sì jẹ́ irọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún àgbẹ̀ kí ó tó san owó?

Ẹlòmíràn ìbá gba kámú. Crozier wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, òun àti Charles Warner ni wọ́n sì jọ gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1919. Òfin náà ní katakata kankan kò gbọdọ̀ di títà ní Nebraska àyàfi bí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà bá ti dán irú rẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé agbára tí ilé iṣẹ́ kéde rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ó tún ní ilé iṣẹ́ tí ń tà á gbọ́dọ̀ ní ibi tí àgbẹ̀ ti lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nínú ìpínlẹ̀ náà. Ìlú Lincoln ni ibùdó ìdánwò náà wà. Ní 1920 ni Waterloo Boy Model N kọ́kọ́ parí ìdánwò. 12-25 ni wọ́n kọ sára rẹ̀: 12 ni agbára tí ó kù láti fi fa ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, 25 sì ni èyí tí ó ń fi bẹ́líìtì yí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wò ó, katakata kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, iye ẹṣin méjì ni ó ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ibi tí a bá dúró sí wọ̀n ọ́n. Títí di òní, iye tí wọ́n wọ̀n lára ẹ́ńjìnnì máa ń ju iye tí ó dé ẹ̀yìn katakata lọ, nítorí pé jíà àti táyà náà ń jẹ tiwọn lójú ọ̀nà. Ibùdó Lincoln ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún òfin rẹ̀ ṣe. Àwọn katakata ńlá tí agbára wọn tó ẹṣin 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kàn báyìí. Kò kan irú èyí tí ẹgbẹ́ wa rà. Ojú mi kò gba èyí, nítorí pé àgbẹ̀ kékeré ni ó ń ra katakata kékeré, òun ni kò sì ní agbẹjọ́rò.

Henry Ford fúnra rẹ̀ mú katakata tirẹ̀ jáde ní 1917. Fordson ni ó pè é, nítorí pé àwọn ará Minneapolis ti gba orúkọ Ford lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní líítà 4, ó ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mú nǹkan bí ẹṣin 20 wá. Lónìí, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Kubota kan tí kò ju líítà 1.1 lọ, D1105, ń mú ẹṣin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25 wá nígbà tí ó bá ń yí nígbà 3,000. Èyí tí ó tún bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni V1505 láti ilé iṣẹ́ kan náà: líítà 1.5 ni, ó ń mú bí 35 wá. Bí wọ́n bá fi tọ́bò sí i, á di bí 44. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ní ilé ìkàwé, mo rẹ́rìn-ín sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó tì mí fi wò mí.

Ìdí kan tún kù tí kò kan ọgbọ́n ẹ̀rọ rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti 2013, òfin èéfín le gidigidi fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ tó kílówáàtì 19, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹṣin 25 àti ààbọ̀. Èérún dúdú tí ẹ́ńjìnnì tí ó kéré sí èyí lè tú jáde fún wákàtí kílówáàtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 0.40, èyí tí ó bá kọjá ààlà náà, 0.03 péré. Kí ẹ́ńjìnnì tó lè pa òfin kejì mọ́, ó sábà máa ń nílò asẹ́ lẹ́nu páìpù èéfín àti ìfọ́npo tí kọ̀ǹpútà ń darí, owó rẹ̀ sì ń gorí. Ìdí nìyẹn tí katakata kékeré púpọ̀ fi dúró sí ẹṣin 24 àti ẹ̀sún díẹ̀, bí ọmọ tí ó dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn tí kò fẹ́ wọlé. Ẹ́ńjìnnì lè ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kàn so ó mọ́lẹ̀ ni.

Mo kó gbogbo èyí lọ sí ìpàdé. A ní kí wọ́n ya àwòrán pátákó kékeré ara ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ láti ilé. Mẹkáníìkì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa wò ó: kò sí tọ́bò níbẹ̀. A gbé rìsíìtì ẹ̀gbọ́n wa ti iye tí wọ́n ń ta onítọ́bò àti aláìnítọ́bò lọ́dún náà. Iye tí ó san, iye ẹṣin 35 ni, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ìwé tí ẹgbẹ́ fi rán an níṣẹ́ náà sì wà nínú fáìlì akọ̀wé: "katakata kékeré, ẹ́ńjìnnì líítà 1.5" ni a kọ. Àwa ni a kò mẹ́nu kan ẹṣin. Ẹni tí ó bèèrè ìbéèrè náà dọ̀bálẹ̀ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ fún kò sí níjokòó.

Mo lọ bá a nílé ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, o kú ìrìn. Mo gbọ́ pé ẹ ti rí àwọn ẹṣin yín." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sí wa, sà. Wọn kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Kò dáhùn. Ó lọ pọn tíì fún mi. Nígbà tí ó padà jókòó, ó bi mí bóyá àwọn ará ilé ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà lásìkò.